Òwú Ara Tọ́rọ́

Irin náà ti pọ́n kí bàbá tó fà á yọ nínú iná. Àjákù páìpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ni. Bàbá fi àkísà tútù di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n sì rọra gbé ẹnu rẹ̀ lé pákó igi apá tó wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Pákó náà dún ṣìì, èéfín rú, ó sì bọ́ sí mi lójú.

"Kà á," ni bàbá wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nígbà tí mo dé ẹ̀wá, bàbá gbé irin náà kúrò. Òrùka dúdú kan ti jó wọ ojú pákó, ó ń rùn bí iṣu sísun tó jóná. Bàbá mú ọ̀bẹ kékeré ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, wọ́n gbẹ́ igi àárín òrùka náà jáde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ihò tí kò jìn, wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, wọ́n wá na ọwọ́ sí mi láìwo ojú mi. Mo gbé ṣílè kan lé wọn lọ́wọ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́ bọnú ihò náà. Ó jókòó síbẹ̀ dáadáa.

"Ó wọ̀ ọ́, Bàbá," ni mo wí.

"Ó ti wọ̀ ọ́ jù. Bí ọyẹ́ bá dé, pákó yóò sún kì, yóò sì di owó náà mú, a ò ní rí i yọ mọ́. Gbé ọ̀bẹ yẹn wá."

Ìsẹ́yìn ni a wà, ní àdúgbò tí ìró òfì kì í ti í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá yìí kì í ṣe ẹbí wa, ògiri ilé wọn àti ti wa ni ó kan ara wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í kan ilẹ̀kùn, wọn kì í kan àga. Ohun èlò àwọn ahunṣọ ni wọ́n ń ṣe, pàápàá jù lọ ọ̀kọ̀, igi kékeré abẹnu ṣóńṣó tí ahunṣọ máa ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì tòun ti òwú nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọ̀kọ̀ tí bàbá bá gbẹ́ kì í já òwú. Òwú ni ìyá mi ń tà, nítorí náà àwọn oníbàárà kan náà ni wọ́n jọ ní. Láti ìgbà tí ìyàwó bàbá ti ṣaláìsí, ìyá mi ni ó ń fi oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́ sí wọn. Èmi ni mo ń gbé e lọ, bí mo bá sì ti débẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìrun alásárì kí wọ́n tó tún rí mi nílé.

Iṣẹ́ ọ̀kọ̀ ni iṣẹ́ òwúrọ̀. Ọ̀sán ni ti owó onírin.

Nígbà tí bàbá wà ní ọ̀dọ́, owó onírin ni àwọn ahunṣọ fi ń sanwó fún wọn: ọ̀níní tó ní ihò láàárín, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Nígbà tó yá, ìjọba pààrọ̀ owó, owó onírin tuntun dé, òun náà sì tún di ohun tí wọn kì í gbà lọ́jà mọ́. Nígbà tí èmi gbọ́njú, náírà oníwèé nìkan ni mo bá. Àwọn kan da owó onírin tiwọn sí ààtàn, àwọn mìíràn kàn án mọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìṣó. Bàbá kò lè da tiwọn nù. "Owó kì í kú," ni wọ́n máa ń wí. "Àwa ni a kàn ṣíwọ́ níná an." Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé bàbá ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó bá ti ẹnubodè lọ́nà Ṣakí bọ̀ á ju owó sẹfà kan sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá lọ sí Mẹ́kà á mú ti ibẹ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá sì bi bàbá pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n á ní, "Mo fẹ́ máa wò ó ni."

Ṣùgbọ́n wíwò nìkan kọ́. Mo rò pé ohun tí bàbá fẹ́ràn jù ni ṣíṣe ilé fún àwọn owó náà. Wọ́n ṣe àtẹ pákó márùn-ún tó ń tò léra wọn nínú àpótí kan, bí a ṣe ń to abọ́. Oríṣi owó kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ tí a fi ń jó ihò rẹ̀: ti pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, ti ọ̀pá agbòòrùn, ti ìdí àtùpà. Wọ́n gé agolo mílíìkì, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n lu ojú sí i lára, kí a lè mọ ihò tí owó tuntun yóò wọ̀ kí a tó dáná rárá. Wọ́n la ọparun sí méjì lẹ́nu, wọ́n fi òwú wé ìdí rẹ̀, ó di ẹ̀mú tí a fi ń gbé owó láìfi ọwọ́ kàn án, nítorí bàbá ní òógùn ọwọ́ ènìyàn máa ń jẹ irin. Irun ẹ̀yìn ewúrẹ́ ni wọ́n so mọ́ igi tín-ínrín tí a fi ń gbá eruku. Gíláàsì ojú ìyàwó wọn tó ti fọ́ ní apá kan, bàbá yọ dígí èyí tó kù, wọ́n fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn akèǹgbè, mo sì máa ń fi í wo owó títí lẹ́tà ara rẹ̀ á fi tóbi bí ìka mi. Àgékù aṣọ òkè tí àwọn ahunṣọ bá dànù ni a ń tẹ́ sísàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà òjò, a máa ń fi èédú sínú àpò kékeré, a ó kó o sí igun àpótí kó máa fa ọ̀rinrin.

Èmi ni akọ̀wé. Ìdajì ìwé tó ṣẹ́kù láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń lò. Bàbá á ní, "Kọ ọ́ pé awakọ̀ tó fọ́jú kan ni ó mú un wá," màá ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó fọ́jú kan?" Wọ́n á ní, "Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi han ẹni tó bá béèrè."

Èyí tí bàbá fẹ́ràn jù ni tọ́rọ́ kan. Tọ́rọ́ kì í ṣe roboto, igun méjìlá ni ó ní, nítorí náà páìpù kankan kò lè jó ihò rẹ̀. Ọ̀bẹ ni bàbá fi gbẹ́ ẹ, igun kan lẹ́yìn èkejì, odidi ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn tọ́rọ́ náà ni àwọn tó rọ ọ́ ya igi òwú sí, tòun ti ewé àti èso tó ti là. Ó ti ń pa díẹ̀díẹ̀ nítorí ọjọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá dà á síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, a ó rí i.

"Wò ó," bàbá á wí, "àwọn tó ṣe é kò dé Ìsẹ́yìn rí. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé òwú ni wá."

Ojú bàbá kò dára mọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Àwọ̀ funfun kan ti ń bo ẹyinjú wọn láti ọdún díẹ̀. Wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ súnmọ́ imú kí wọ́n tó mọ ibi tí ó kù sí, ìka wọn ni ó sì ń ṣe ìyókù. Mo mọ̀ pé wọn kì í rí òwú ara tọ́rọ́ náà mọ́. Wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò wá a ni.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà ni ọmọbìnrin wọn wá láti Ìbàdàn pé òun ti bá dókítà ojú sọ̀rọ̀, wọn yóò ṣí àwọ̀ náà kúrò. Bàbá kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní ojú tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ tó òun lò. Ìyá mi ni ó lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ, bàbá pè mí, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lé mi lọ́wọ́.

"Bí òjò bá rọ̀, kí o pààrọ̀ èédú rẹ̀. Kí o fi irun ewúrẹ́ gbá eruku. Ó parí."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Ìwúrí ni ó jẹ́ fún mi. Ọkàn mi kò kúrò lórí ọjọ́ tí bàbá yóò padà pẹ̀lú ojú tó mọ́, tí wọn yóò ṣí àpótí. Mo wá wo àwọn owó náà, mo rí i pé wọ́n dúdú, àwọn kan láwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ojú tí kò ríran ni kò jẹ́ kí bàbá mọ bí àwọn owó yìí ṣe dọ̀tí tó. Ṣé ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ fi ojú tuntun wò nìyí? Ìkòkò ìyá mi náà máa ń dúdú, èmi ni mo sì ń fi eérú àti yanrìn fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá mi lọ sọ́jà, mo gbé àtẹ òkè pátápátá lọ sẹ́yìn ilé. Àtẹ yẹn ni ó ní tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Mo bu yanrìn kíkúnná láti ojú àgbàrá, mo pò ó mọ́ eérú, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rántí bí apá ṣe ń ro mí, mo sì rántí pé orin ni mo ń kọ. Tọ́rọ́ olówùú ni mo fọ̀ pẹ́ jù, nítorí òun ni bàbá fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo sá wọn sórí àpáta, wọ́n ń kọ mànà nínú oòrùn. Mo kó wọn padà sínú ihò wọn, mo ti àpótí, mo sì ń ka ọjọ́.

N kò fi dígí wò wọ́n.

Bàbá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú. Ọmọbìnrin wọn lo oògùn sí wọn lójú fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó sì padà sí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tí bàbá bọ́ gíláàsì náà, oúnjẹ ni mo gbé lọ. Wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, kí n bọ́ síbi tí oòrùn wà.

"Jẹ́ kí n wò ọ́." Wọ́n wò mí pẹ́. "Háà. Ṣé bí o ṣe rí nìyí? O mà jọ ìyá ìyá rẹ."

A rìn yí ká ilé. Bàbá ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń rí fún mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìlà tó sán lára ògiri, irùngbọ̀n òbúkọ tó dúró sí ìsàlẹ̀ odi, àwọ̀ aró lọ́wọ́ obìnrin kan tó kí wọn kọjá. Ayọ̀ wọn ń ràn mí. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Ó yá. Gbé wọn wá."

Mo gbé àtẹ òkè sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n pariwo. Wọ́n fi ẹ̀mú ọparun gbé tọ́rọ́ náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n dà á sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n béèrè dígí. Mo fún wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sọ dígí náà kalẹ̀, wọ́n fi etí agbádá nu ojú wọn, wọ́n tún wò ó.

"Ó ń dán," ni wọ́n wí. "Dídán nìkan ni mo ń rí. N kò rí òwú." Wọ́n na owó náà àti dígí sí mi. "Ìwọ wò ó. Ṣé o rí òwú lára rẹ̀?"

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ń dán gbinrin. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí yanrìn ha sí i lára kún un ní gbogbo ọ̀nà, ibi tí èso òwú wà rí sì ti tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

"Mo rí i, Bàbá," ni mo wí.

Bàbá mi orí. "Dókítà ti sọ ọ́," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó ní ojú lè ríran jìnnà, kó má rí ohun tó wà nítòsí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún èmi." Wọ́n dá owó náà padà sí ihò rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àpótí wọlé. Wọn kò béèrè àwọn àtẹ yòókù rárá.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dákẹ́. Mo ń gbé oúnjẹ lọ, mò ń gbé ìdajì rẹ̀ bọ̀. Ìyá mi béèrè bóyá inú ń run bàbá ni, mo ní n kò mọ̀. Iná kò jó mọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ahunṣọ kan wá gba ọ̀kọ̀ méjì tó ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ, bàbá ní kó má bínú, kó wá ẹlòmíràn. "Ojú tó kù fún mi yìí, ti ìrìn ni," ni wọ́n wí fún un. "Kì í ṣe ti iṣẹ́ mọ́." Mo dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, mo sì gbé e mì.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo bá bàbá tí wọ́n ń fi òrí pa àwọn irinṣẹ́ wọn lára. Ọ̀bẹ, àáké kékeré, ìfági, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò sórí ẹní. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, inú mi sì fẹ́ dùn. Bàbá ní káfíńtà kan láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ń bọ̀ wá kó wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kò dáa kí irin máa dípẹtà nílé ẹni tí kò lè lò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, mo ti rìn dé ibi igi máńgòrò tó wà ní oríta, nígbà tí ọ̀kadà kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Àpò ìrẹsì tó ṣófo ni ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ká sábẹ́ apá. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo dúró. Àwọn ẹgbẹ́ mi pè mí, n kò dáhùn. Ẹsẹ̀ mi yí padà fúnra rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tí mo débẹ̀, àpò náà ti kún dé ìdajì. Káfíńtà náà ń dúpẹ́, bàbá sì ń sọ fún un pé ọ̀bẹ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ yẹn kì í fẹ́ òkúta ìpọ́nbẹ tó le jù.

"Bàbá," ni mo wí. Mímí ń gbé mi. "Kò sí òwú lára rẹ̀."

Àwọn méjèèjì wò mí.

"Tọ́rọ́ yẹn. Kò sí òwú lára rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fi yanrìn fọ̀ ọ́. Mo fọ gbogbo àtẹ òkè. Mo purọ́ fún yín pé mo rí i."

Bàbá kò kọ́kọ́ lóye. Wọ́n ní, "Kí ni o sọ?" Mo tún un sọ, ẹkún sì gba ẹnu mi níbi tí mo dé ọ̀rọ̀ yanrìn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé àpótí náà jáde fúnra wọn. Wọ́n gbé àtẹ òkè sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì yọ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àtẹ owó onírin tó dé lẹ́yìn tí ìjọba pààrọ̀ owó, tí n kò fọwọ́ kàn. Wọn kò mú ẹ̀mú, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi mú owó kan. Wọ́n gbé e sí abẹ́ dígí.

"Ẹ̀pà," ni bàbá wí. "Ẹ̀pà ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo rí ewé rẹ̀. Mo rí gbòǹgbò rẹ̀." Wọ́n mú òmíràn. "Èyí, kòkó ni." Wọ́n jókòó, wọ́n gbé àtẹ náà lé itan, omi sì ń dà lójú tí dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nǹkan kan dà sí.

Káfíńtà náà wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Bàbá, ẹgba ni ó tọ́ sí ọmọ yìí."

"Ó tọ́ sí i," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ojú mi ná. Ọ̀gá káfíńtà, jọ̀wọ́, má bínú. Bá mi tú àpò yẹn sílẹ̀."

Ọkùnrin náà kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tú u. Kódà òun ni ó bá wọn to àwọn irinṣẹ́ náà padà sórí ẹní, ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà. Kó tó lọ, bàbá fún un ní ìfági kan tí wọn kò tí ì lò rí, pé kí ọ̀nà tó rìn má bàa jẹ́ òfo.

Ìyá mi gbọ́ kí ọjọ́ tó kanrí. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ bẹ bàbá, àwa méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, pàṣán sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní kó gbé pàṣán náà sílẹ̀. "Ìyà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìyá ọmọ. Bí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí ẹ máa fi í ránṣẹ́ sí mi."

Ìyà náà ni pé kí n ṣe àtẹ kan fúnra mi, fún àwọn owó tí mo fọ̀. Bàbá ní wọn kò lè wà pẹ̀lú àwọn yòókù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè dà wọ́n nù. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ṣe é. Mo fági pákó, mo jó ihò, iná jó mi ní ìka méjì. Igun méjìlá ti tọ́rọ́ gba mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì ba ihò mẹ́rin jẹ́ kí n tó rí ọ̀kan tó dọ́gba. Bàbá á jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á nà án sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn kì í bá mi wí. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á kàn ní, "Gba pákó mìíràn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá wọn tí wọ́n mú tọ́rọ́ náà lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ojú rẹ̀, bíi ti ìgbà tí ojú wọn kò ríran. Wọn kò mọ̀ pé mo ti dé. Mo rí ojú wọn, n kò sì gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ní, "Bàbá, ta ni ó fún yín ní tọ́rọ́ yẹn? A kò kọ ọ́ sínú ìwé."

"Bàbá mi ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ lè lò, wọ́n rà á lọ́wọ́ mi ní tọ́rọ́, bí ẹni pé oníbàárà ni wọ́n."

Mo bú sẹ́kún. Bàbá jẹ́ kí n sun ún díẹ̀.

"Kí ni ó dé tí o fi ní o rí òwú?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jí ní àárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn. Òwú tó parẹ́ yìí, mo ti mọ bí ó ṣe rí, kò lè sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ni ó dùn mí." Wọ́n gbé tọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́. "Lọ mú ìwé rẹ. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé: bàbá mi ni ó fún mi. Ọmọ aládùúgbò mi ni ó fọ̀ ọ́. Ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn já bọ́ kúrò lórí ìlà. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n gbé e sí ojú wọn, wọ́n sì kà á fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ojú náà bá wọn kalẹ́. Wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, a sì ṣe àtẹ méjì mìíràn. Mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí wọ́n papò dà. Ọmọbìnrin wọn ni ó kó àpótí náà lọ sí Ìbàdàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ mú ọ̀kan níbẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wà pọ̀.

Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní Ṣakí. Lọ́dún tó kọjá, mo fún ìyá àgbàlagbà kan ní oògùn tó yẹ kí n fún ẹlòmíràn. Ó ti lọ tipẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀rá oògùn àwọn méjèèjì ti ṣe pàṣípààrọ̀ lórí tábìlì. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù, mo sì ń béèrè láti ilé dé ilé títí mo fi rí i. Kò tí ì lo ọ̀kankan. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó bínú, ọmọ rẹ̀ bínú jù ú lọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè tún sọ. Mo dúró síbẹ̀, mo gbà á.

N kò nígboyà ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe bà mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ bàbá yẹn, bí mo bá ti ba nǹkan jẹ́, ẹsẹ̀ mi á ti máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, kí ẹnu mi tó rí ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.